Iná tó ju ti gbogbo ayé lọ, tí kò sì lè tan gílóòbù kan fún ìṣẹ́jú kan

Sátidé kan báyìí, mo lọ gẹ irun ní Àdìgbẹ̀. Wọ́n ti mú iná lọ láti òru, jẹnẹrétọ̀ kékeré tó wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ló ń gbé kílípà ṣiṣẹ́, ariwo ẹ̀ ò sì jẹ́ ká gbọ́ ara wa dáadáa. Ọkùnrin kan tó jókòó tì mí, tó ń retí kó kàn án, na fóònù ẹ̀ sí mi: "Tíṣà, ẹ bá mi wo èyí. Wọ́n ní àwọn ará Amẹ́ríkà ti ṣe iná kan tó lágbára ju gbogbo iná tí aráyé ń lò lọ. Ṣé òótọ́ ni, àbí irọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì?"

Mo kà á. Ìròyìn nípa SLAC ni, ilé ìwádìí ńlá kan tó wà ní California. Ní 2025, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kéde pé àwọn fún ọ̀wọ́ ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan pọ̀ débi tí agbára ẹ̀ fi dé petawatt kan. Petawatt kan jẹ́ mílíọ̀nù lọ́nà bílíọ̀nù wáàtì. Iná tí gbogbo ayé ń lò pa pọ̀ nísinsìnyí ò sún mọ́ ọn rárá.

"Òótọ́ ni," ni mo wí.

Bọ̀ọ̀dá tó ń gẹ irun dá kílípà dúró. "Tó bá jẹ́ òótọ́, kí wọ́n kúkú bù díẹ̀ fún wa ní Abẹ́òkúta níbí. Bó ṣe ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún, a ti sinmi epo rírà."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, àmọ́ ìbéèrè yẹn ò gọ̀ rárá. Àwọn tó kọ ìròyìn náà ló fi ìdajì ọ̀rọ̀ sílẹ̀: wọ́n sọ bí agbára náà ṣe pọ̀ tó, wọn ò sọ bó ṣe pẹ́ tó. Kì í ṣe pé ẹnì kan rí iná tuntun he. Iná kékeré kan ni wọ́n mú, wọ́n wá fún un pọ̀ títí àkókò tó fi ń kọjá fi kéré ju ohun tí ọkàn lè gbé. Bí wọ́n ṣe ń fún un pọ̀ yẹn ni mo fẹ́ ṣàlàyé. Ká sòótọ́, ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ dùn mọ́ mi ju petawatt fúnra ẹ̀ lọ.

Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, ta ló ti rí i rí?

Gbogbo ohun tó wà láyé, àti òkúta Olúmọ àti èékánná ọwọ́ yín, átọ́ọ̀mù ló para pọ̀ di í. Nínú átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan ni àwọn nǹkan tíńtín kan wà tó gbé iná dání. Àwọn la ń pè ní ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù. J. J. Thomson ló fi hàn pé wọ́n wà, ní Cambridge, lọ́dún 1897. Tí wọ́n bá ń ṣàn gba inú wáyà, òun náà ni iná tí à ń tìtorí ẹ̀ bá NEPA jà. Kò sẹ́ni tó lè fojú rí ẹyọ kan nínú wọn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti tó ọgbọ̀n ọdún ti jókòó síwájú ìbọn wọn rí láìmọ̀.

Tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ ni mò ń sọ, èyí tó nídìí gbọ̀ngbọ̀n lẹ́yìn. Ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe ní Láfẹ́nwá, ẹ ṣì máa rí ọ̀kan tí wọ́n ti tú ìdí ẹ̀. Ìgò ńlá kan ni, tó gbòòrò níwájú, tó wá ní ọrùn tín-ín-rín lẹ́yìn bíi ti ìgò ọtí. Nínú ọrùn yẹn ni nǹkan kan ti ń gbóná, tí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ń hó kúrò lára ẹ̀. Iná tó ju 20,000 fóòtì (volt) lọ ló ń fà wọ́n wá síwájú, wọ́n á fi orí sọ gíláàsì, ibi tí wọ́n bá sọ á sì tan ìmọ́lẹ̀. Kí wọ́n tó dé ojú gíláàsì yẹn, eré wọn ti ju 75,000 kìlómítà lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nínú pálọ̀ yín nìyẹn o, níbi tí ẹ jókòó sí tí ẹ ń jẹ ẹ̀pà.

Wáyà kọ́pà tí wọ́n wé mọ́ ọrùn ìgò náà ni òòfà tó ń darí wọn, sọ́tùn-ún, sósì, sókè, sísàlẹ̀, títí wọ́n á fi ya àwòrán náà tán. Mo mọ̀ pé òòfà ń yà wọ́n kúrò lójú ọ̀nà kí n tó mọ orúkọ wọn rárá. Nígbà tí mo wà ní púráímárì, mo tú òòfà kúrò nídìí sípíkà tó ti bàjẹ́, mo gbé e lé ojú tẹlifíṣọ̀n bàbá mi nígbà tí wọ́n ń ka ìròyìn. Ojú ẹni tó ń ka ìròyìn náà lọ́, ó di àwọ̀ ewé, ó di àlùkò. Ó dùn mọ́ mi nínú. Ìgbà tí mo gbé òòfà kúrò tí àwọ̀ ewé ò kúrò ni mo tó mọ̀ pé mo ti dáràn. Ohun tí bẹ́líìtì sọ fún mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn ò kan ẹnikẹ́ni, àmọ́ ẹ jẹ́ ká mú ohun kan dání níbẹ̀: ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó bá ń sáré, òòfà lè yà á kúrò lójú ọ̀nà. A máa padà wá sí i.

Kí ni wọ́n ń pè ní accelerator?

Accelerator ni ẹ̀rọ tí àwọn ará SLAC fi ń mú kí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù sáré. Tẹlifíṣọ̀n yẹn náà ni, wọ́n kàn fa ọrùn ẹ̀ gùn ni. Èyí tí wọ́n ṣí ní SLAC lọ́dún 1966 gùn ní kìlómítà 3.2. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ rìn láti ìdí ẹ̀ dé orí ẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ lo ogójì ìṣẹ́jú. Páìpù kan ni wọ́n fa gbogbo afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ jáde, tí wọ́n wá to àwọn ihò kọ́pà sí i tẹ̀lé ara wọn. Nínú ihò kọ̀ọ̀kan ni ìgbì iná ti ń ru, irú ìgbì tí rédíò ń lò, àfi pé èyí le gan-an. Bí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ṣe ń kọjá nínú ihò kan, ìgbì inú ẹ̀ á tì í lẹ́yìn, èyí tó tẹ̀ lé e á tún tì í. Ó dà bíi kí èèyàn máa sáré gba iwájú ọ̀pọ̀ èèyàn tó tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, kí oníkálùkù máa gbá a nídìí bó ṣe ń kọjá.

Wọn kì í kọjá ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, wọn kì í sì í ṣàn bí omi ẹ̀rọ. Ọ̀wọ́ ọ̀wọ́ ni wọ́n ń wá, bí a ṣe ń sọ pé ọ̀wọ́ màlúù. Ọ̀wọ́ kan lè ní bílíọ̀nù kan ààbọ̀ ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù nínú, kí gbogbo wọn má sì gùn ju mílímítà kan lọ.

Irú ẹ̀rọ yìí wà ní Nàìjíríà. Ní yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀, ọ̀kan wà tí wọ́n fi ń wo ohun tó wà nínú erùpẹ̀ àti eruku. Èyí tí wọ́n fi ń wo àrùn jẹjẹrẹ sàn ní ọsibítù LUTH l'Ékòó náà, ẹbí kan náà ni wọ́n. Àmọ́ iṣẹ́ tiwọn ò gba kí wọ́n fún ọ̀wọ́ pọ̀ bíi ti SLAC.

Kí ni wọ́n fẹ́ fi ọ̀wọ́ kúkúrú ṣe gan-an?

Nígbà ọdún egúngún, ẹ gbé fóònù yín, kí ẹ ya egúngún tó ń jó àjóyí. Tí oòrùn bá ti ń wọ̀, ohun tí ẹ máa rí kò ní ju àwọ̀ tó dà pọ̀ mọ́ra lọ, torí fóònù la ojú ẹ̀ sílẹ̀ pẹ́, egúngún sì ti yí kó tó pa á dé. Tí ẹ bá fẹ́ kí aṣọ egúngún náà hàn ketekete, àfi kí ìmọ́lẹ̀ kan bù yẹ̀rì, kó sì kú lójú ẹsẹ̀.

Àwọn átọ́ọ̀mù náà ń jó. Tí oògùn bá wọ inú ara, tí ewé bá ń sọ oòrùn di oúnjẹ, átọ́ọ̀mù ń já kúrò lára ara wọn, wọ́n ń so mọ́ òmíràn. Ijó tiwọn yá débi pé femtosecond ni wọ́n fi ń kà á. Mílíọ̀nù lọ́nà bílíọ̀nù femtosecond ló wà nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan. Tí a bá na femtosecond kan títí tó fi di odidi ìṣẹ́jú-àáyá, ìṣẹ́jú-àáyá tiwa á di nǹkan bí ọdún mílíọ̀nù 32. Ìmọ́lẹ̀, tó ń lọ ní nǹkan bí 300,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú-àáyá, kò lè rìn tó ìbú fọ́nrán irun orí kan nínú femtosecond kan. Ìbú irun yẹn ju ìrìn ẹ̀ lọ ní ìlọ́po tó lé ní ọgọ́rùn-ún. Ọmọ Áfíríkà kan, Ahmed Zewail ará Íjíbítì, ló gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1999 nítorí pé ó fi ìmọ́lẹ̀ laser tó ń kọjá ní femtosecond wo bí àwọn átọ́ọ̀mù ṣe ń já kúrò lára ara wọn.

Laser tí ojú lè rí ò lè fi ibi tí átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan wà hàn. X-ray ló lè ṣe ìyẹn. Báwo ni èèyàn ṣe ń rí X-ray tó bù yẹ̀rì tó sì kú ní femtosecond? Wọ́n á da ọ̀wọ́ ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó ń sáré gba àárín ọ̀pọ̀ òòfà tí wọ́n tò ní ìdàkejì ara wọn, tí yóò máa mì wọ́n sọ́tùn-ún sósì bí ejò. Bí wọ́n ṣe ń mì ni wọ́n ń tan X-ray. LCLS, ẹ̀rọ tó ń ṣe irú X-ray yìí ní SLAC, tan ìmọ́lẹ̀ náà fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́dún 2009, ní apá kan nínú ọ̀nà ìgbàanì yẹn. European XFEL, irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní Jámánì, tó gùn ní kìlómítà 3.4, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2017.

Ìdí méjì ló wá wà tí ọ̀wọ́ náà fi gbọ́dọ̀ kúrú. Èkíní ò le: ìmọ́lẹ̀ ò lè kúrú ju ọ̀wọ́ tó tàn án lọ lọ́nà tó rọrùn. Èkejì ló ṣe pàtàkì jù. Tí ẹgbẹ̀rún èèyàn bá ń pàtẹ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí oníkálùkù ń pa tiẹ̀, ariwo wúruwùru ni. Tí gbogbo wọn bá pa á pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, pá!, páànù orí ilé á mì. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó bá jìnnà síra ń pa àtẹ́wọ́ tiẹ̀ lọ́tọ̀. Tí wọ́n bá ki, tí wọ́n sún mọ́ra, ìmọ́lẹ̀ tí ọ̀kan tàn á máa to àwọn tó kù sí ìlà, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í pa á pọ̀. Láìjẹ́ pé wọ́n fún wọn pọ̀, àtẹ́wọ́ náà ò ní bá ara mu láéláé.

Kí ló dé tí wọn ò kúkú bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ́ kúkúrú?

Nítorí pé ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ò fẹ́ràn ara wọn. Irú iná kan náà ni gbogbo wọn gbé, irú kan náà sì máa ń ti irú kan náà dànù. Níbi tí wọ́n ti ń bí wọn, laser ni wọ́n fi ń lu irin kan, kọ́pà ni ní LCLS, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù á wá fò jáde. Tí wọ́n bá ki bílíọ̀nù kan wọn sí ojú kan níbẹ̀, nígbà tí wọn ò tíì sáré, wọ́n á túká bí èèyàn tó gbọ́ ìró ìbọn lọ́jà Kútọ̀. Nítorí náà, wọ́n á bí wọn ní gígùn, kí àyè gbà wọ́n, wọ́n á wá jẹ́ kí wọ́n sáré ná. Bí eré wọn ṣe ń sún mọ́ ti ìmọ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni títì tí wọ́n ń ti ara wọn ń rọ̀. Ìgbà yẹn ni ó tó ṣeé ṣe láti fún wọn pọ̀.

Ṣé kí ẹni ẹ̀yìn má kàn sáré bá ẹni iwájú ni?

Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa kọ́kọ́ rò nìyẹn, èmi náà rò ó bẹ́ẹ̀: ẹ fún àwọn tó wà lẹ́yìn ní eré sí i, wọ́n á lé àwọn tó wà níwájú bá.

Kò lè ṣiṣẹ́. Kò sí nǹkan kan tó lè sáré ju ìmọ́lẹ̀ lọ, àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù yìí sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a. Tí ìgbì tí wọ́n gùn bá tún tì wọ́n, okun tí wọ́n gbà ò ní di eré mọ́. Ó máa ń dà bí ẹni pé wọ́n ń wúwo sí i ni. Ẹ jẹ́ kí n fi nọ́ńbà sọ ọ́. Ẹ mú ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan tí wọ́n ti ti pẹ̀lú bílíọ̀nù kan fóòtì, kí ẹ jẹ́ kí òun àti ìmọ́lẹ̀ jọ sá eré kìlómítà kan. Ìmọ́lẹ̀ á fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́jọ mílímítà gbà á. Ẹ wá mú méjì nínú wọn, kí okun ọ̀kan fi ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ju ti èkejì. Lẹ́yìn odidi kìlómítà kan, àlàfo tó máa wà láàárín wọn kò ní tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ìbú irun orí kan. Nígbà wo ni irú ẹni ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀ máa bá ẹni iwájú?

Gbogbo wọn ń sá eré kan náà. Ẹ mú ìyẹn dání, torí òun gan-an ni wọ́n fi dọ́gbọ́n.

Báwo ni wọ́n ṣe wá ń fún wọn pọ̀?

Ìgbésẹ̀ méjì ni, àkọ́kọ́ dà bí oúnjẹ òde inawo. Ní òde inawo wa níbí, ẹni tó bá tètè dé ló ń jẹ ẹran tó tóbi, ẹni tó bá pẹ́ dé á bá ọbẹ̀ lójú ìkòkò. Nínú accelerator, òdìkejì ni wọ́n fẹ́: kí ẹni ẹ̀yìn yó ju ẹni iwájú lọ. Ìgbì inú ihò kọ́pà ti SLAC ń ru sókè ó ń rọlẹ̀ ní ìgbà mílíọ̀nù 2,856 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Tí wọ́n bá fẹ́ kí gbogbo ọ̀wọ́ gba okun kan náà, wọ́n á jẹ́ kí wọ́n dé nígbà tí ìgbì wà ní góńgó. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá fẹ́ fún wọn pọ̀, wọ́n á jẹ́ kí wọ́n dé nígbà tí ìgbì ṣì ń gòkè. Ẹni iwájú á bá a ní ìsàlẹ̀ díẹ̀, á gba okun díẹ̀. Kí àwọn àárín tó dé, ó ti ga sí i. Ẹni ẹ̀yìn pátápátá ló máa jẹ àjẹyó. Ìyàtọ̀ náà kì í pọ̀, ó lè má ju ìdá kan tàbí méjì nínú ọgọ́rùn-ún lọ, àmọ́ ó tò létòlétò láti orí dé ìrù.

Ní báyìí, ẹ̀yìn lókun ju iwájú lọ, eré wọn sì dọ́gba. Ẹ jẹ́ ká wá lọ sí ọ̀nà Ẹwékorò.

Ẹ rò ó pé ọ̀kadà kan ló ṣáájú, táksì kan tẹ̀ lé e, tírélà tó ru símẹ́ǹtì ló kẹ́yìn. Gbogbo wọn ń sá ọgọ́ta kìlómítà ní wákàtí kan, kò sẹ́ni tó lè fi kún un, kò sẹ́ni tó lè dín in kù. Lójijì, ìjì kan fẹ́ láti apá ọ̀tún. Ó gbé ọ̀kadà lọ jìnnà sápá òsì, ó tari táksì díẹ̀, tírélà fẹ́rẹ̀ẹ́ má mọ̀ pé nǹkan kan fẹ́. Níwájú díẹ̀, ìjì kejì fẹ́ láti òdìkejì, ó tún orí wọn ṣe kí wọ́n máa lọ tààrà. Ìkẹta dá wọn padà sí títì. Ìkẹrin tún orí wọn ṣe. Nígbà tí gbogbo wọn padà dé ojú títì, ọ̀kadà ti rìn jìnnà ju gbogbo wọn lọ, ó ya kọ́nà tó gùn. Tírélà fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ọ̀nà tààrà. Nígbà tí eré wọn sì jẹ́ ọ̀kan náà, tírélà tó wà lẹ́yìn á ti dé ẹ̀gbẹ́ ọ̀kadà láìfi iná kún eré rárá.

Òòfà mẹ́rin ni ìjì mẹ́rin yẹn. Òòfà tó ba ojú ẹni tó ń ka ìròyìn jẹ́ nílé wa ni, ó kàn tóbi, ó sì mọ iṣẹ́ ẹ̀. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tí okun ẹ̀ kéré ló máa yà jìnnà, èyí tí okun ẹ̀ pọ̀ á yà díẹ̀. Ní LCLS, ìwọ̀n tí wọ́n fi ń yà kúrò lójú ọ̀nà ò ju nǹkan bíi gígùn rúlà ọmọ ilé-ìwé lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń ṣe é, ní ibi méjì lójú ọ̀nà, torí tí wọ́n bá fẹ́ fún gbogbo ẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, á bà jẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Iná tó wà nínú ọ̀wọ́ náà máa ń kúrò ní nǹkan bí 30 ampere (ampere ni wọ́n fi ń wọn bí iná ṣe ń ṣàn tó) dé nǹkan bí 3,000 ampere. Kò sí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan tí wọ́n fi kún un. Àwọn kan náà ni, wọ́n kàn súnra kì ni.

Ó wù mí kí n rí ojú ẹni tó kọ́kọ́ rò ó débẹ̀, pé tí èèyàn ò bá lè yí eré padà, kó yí gígùn ọ̀nà padà.

Petawatt wá ńkọ́?

Èdè wa ló ń dá kún wàhálà níbí. "Agbára" la fi ń pe iye iná tó wà, òun náà la sì fi ń pe bó ṣe ń jáde kíákíá tó. Nǹkan méjì ni wọ́n. Ọwọ́ tí ìyá fi ń pa ọmọ lórí kó lè sùn àti ọwọ́ tó fi fọ́ ọ létí ní ọ̀sán, ọwọ́ kan náà ni, ìwúwo kan náà ni. Èyí tó wọ inú ìṣẹ́jú kan àti èyí tó kọjá fìrí ni ìyàtọ̀. Petawatt, ìfọ́tí ni.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Agbára náà jẹ́ mílíọ̀nù lọ́nà bílíọ̀nù wáàtì. Tó bá wà fún femtosecond kan, àkókò náà jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù lọ́nà bílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá. Ẹ sọ wọ́n di púpọ̀, wọ́n á pa ara wọn rẹ́, á ku ẹyọ kan: joule kan. Kí ni joule kan lè ṣe? Ó lè gbé tòmátò kan tó wúwo tó 100 gíráàmù sókè ní mítà kan. Gílóòbù wáàtì 5 á jó o tán kí ẹ tó sẹ́jú. Yúníìtì kan ṣoṣo tí ẹ ń rà sínú mítà ilé yín jẹ́ joule 3,600,000. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọ̀wọ́ ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù yìí kún mítà ẹ̀ á kó mílíọ̀nù mẹ́ta ààbọ̀ ó lé kó tó rí yúníìtì kan, iná tí ẹ̀rọ náà sì ń jẹ kó tó pèsè ọ̀kan ju èyí tó ń mú jáde lọ fíìfíì. Wọ́n ń ra iná ni o, wọn ò tà á.

Síbẹ̀ ìfọ́tí náà dun ojú. Iná tó ṣàn nínú ọ̀wọ́ tí SLAC kéde yẹn tó nǹkan bí 100,000 ampere. Mànàmáná tó ń sán lójú ọ̀run, tí a fi sọ iná lórúkọ, kì í sábàá ju nǹkan bí 30,000 ampere lọ. Kátáòtì ara òpó tó wọ ilé yín lè jẹ́ 60.

Kí ló ń bà á jẹ́?

Tó bá rọrùn ni, wọn ì bá má lo ọdún tó tó bẹ́ẹ̀ lórí ẹ̀. Wàhálà kan wà nínú kọ́nà fúnra ẹ̀. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tí òòfà bá yà máa ń tan ìmọ́lẹ̀. Ọ̀wọ́ náà ń gba kọ́nà, ìmọ́lẹ̀ kì í gba kọ́nà, ààrin ló ń là kọjá. Nítorí náà, ìmọ́lẹ̀ tí àwọn ẹ̀yìn tàn á gba ẹ̀bùrú lọ kọlu àwọn iwájú, á fún àwọn kan ní okun tí wọn ò ní tẹ́lẹ̀, ètò tí wọ́n ti tò láti ìbẹ̀rẹ̀ á sì dàrú. Bí ọ̀wọ́ bá ṣe ń kúrú sí i ni ìyẹn ń le sí i.

Èkejì ló ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ọ̀wọ́ tó jáde wá kì í tẹ́jú pátápátá. Àwọn ibì kan máa ń ki díẹ̀ ju ibòmíràn lọ. Tí ẹ bá ti ro àmàlà láfún rí, ẹ mọ kókó. Kókó kékeré tí èèyàn fojú fò á wú, tí ẹ bá fi máa ro ó tán, ó ti gba ojú ìkòkò. Bẹ́ẹ̀ náà ni fífún pọ̀ ṣe ń sọ kókó wẹ́wẹ́ inú ọ̀wọ́ di ńlá. Kí ni wọ́n wá ṣe? Wọ́n fi laser ro ó. Kí wọ́n tó fún ọ̀wọ́ náà pọ̀, wọ́n á tan laser sí i, á da okun àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù rú díẹ̀, níwọ̀nba, kí kókó má lè dì. Wọ́n náwó nára láti mú kí ọ̀wọ́ náà tò gérégé, wọ́n wá tún san owó mìíràn láti bà á jẹ́ díẹ̀. LCLS ń ṣe é bẹ́ẹ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́.

Níbo ni wọ́n wá ń dà á sí?

Nígbà tí mo padà lọ gẹ irun, bọ̀ọ̀dá ò tíì gbàgbé. Iná wà lọ́jọ́ yẹn, nítorí náà a gbọ́ ara wa. Mo ṣàlàyé ọ̀kadà àti tírélà fún un, ó yé e kíá. Ó ní òun náà ti gùn ọ̀kadà rí. Ìbéèrè tó kù fún un ni pé lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tan X-ray tán, níbo ni ọ̀wọ́ náà ń gbà lọ, torí nǹkan tó ń sáré tó bẹ́ẹ̀ ò lè ṣàdédé dúró.

Mo sọ fún un pé òòfà ńlá kan ló máa tẹ orí wọn sísàlẹ̀, tí wọ́n á fi lọ sọ irin tó nípọn tí wọ́n bò mọ́ inú ilẹ̀ àti kọnkéré. Ibẹ̀ ni gbogbo okun wọn ń parí sí. Irin náà máa ń gbóná, wọ́n sì ń fi omi tù ú.

Bọ̀ọ̀dá wo ojú mi nínú dígí. "Ẹ ní gbogbo petawatt yẹn, omi ló gbóná nídìí ẹ̀?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó mi orí, ó tan kílípà padà. "Ẹ tẹrí sísàlẹ̀ díẹ̀, Tíṣà."